Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Dígí Yẹn

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ olùkọ́ àgbà kan tó ti dolóògbé fẹ́ ta awò-awọ̀nàjíjìn bàbá wọn. Dígí ló fi ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, kì í ṣe lẹ́ǹsì. Wọ́n kọ 6 ínṣì àti f/8 sí i lára, wọ́n sì ní láti nǹkan bí ọdún 1965 ló ti wà lọ́wọ́ bàbá. Ọ̀pá rẹ̀ funfun, ó gùn ju mítà kan lọ. Dígí inú rẹ̀ ti ní àbààwọ́n funfun káàkiri, kò dán mọ́. Apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há, kò ṣeé yí. Mọ́tọ̀ kékeré kan tó ń lo iná wà lára rẹ̀. Nínú àpótí ẹrù rẹ̀ mo rí lẹ́ǹsì ojú (èyí tí ènìyàn ń gbé ojú sí) mẹ́ta, àti gíláàsì róbótó kan tó ní àwọ̀ ewé tó ṣú gan-an, wọ́n kọ "SUN" sí i. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo lè fi oògùn tí wọ́n fi ń dán irin nu dígí náà kó lè padà dán?

Ìdáhùn: Ẹ rà á, bí dígí náà kò bá ti là. Ẹ má sì jẹ́ kí oògùn ìdán-irin sún mọ́ ọn rárá. Ṣùgbọ́n gíláàsì tí wọ́n kọ "SUN" sí yẹn ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé nínú gbogbo ohun yòókù tí ẹ béèrè, bí ẹ bá ṣì í ṣe, owó tàbí dígí ni yóò bá a lọ. Èyí, ojú ni.

Ara lẹ́ǹsì ojú ni wọ́n ń de gíláàsì yẹn mọ́, kí ènìyàn lè fi wo oòrùn. Láyé ọjọ́un, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awò kéékèèké, pàápàá ní Jàpáànù, máa ń fi ọ̀kan sínú àpótí awò tí wọ́n bá tà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ibi tí gíláàsì náà ń jókòó sí ni gbogbo oòrùn tí dígí ńlá kó jọ ti ń pàdé. Lọ́sàn-án gangan, dígí 6 ínṣì lè kó ooru tó tó nǹkan bíi wáàtì 15 jọ, kó sì rọ gbogbo rẹ̀ sí ojú kan tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 11 lọ. Gíláàsì náà á gbóná, á sì là lójijì nígbà tí ojú yín ṣì wà lẹ́nu lẹ́ǹsì. Ara kò ní ta yín kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, torí awọ ẹ̀yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora. Ẹ má fi pa mọ́, ẹ má fún ọmọdé ṣeré, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ fi òòlù fọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa wo oòrùn lóòótọ́, asẹ́ tó tọ́ máa ń wà níwájú ẹnu ọ̀pá, ó sì gbọ́dọ̀ bo gbogbo ẹnu náà pátápátá. Awò kékeré ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń wá ojú ìràwọ̀, ẹ dé òun náà lórí.

Ó yá, ká wá sí ọ̀rọ̀ rírà. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ RV-6 Dynascope tí ilé-iṣẹ́ Criterion ṣe ní Hartford, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, láti ìparí àwọn ọdún 1950 lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Cave ní Long Beach, California, ṣe tiwọn tí wọ́n pè ní Astrola. Ilé-iṣẹ́ Edmund náà tà tirẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló lọ dígí tiwọn fúnra wọn nílé, láti ìgbà tí Albert Ingalls àti Russell Porter ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀nà rẹ̀ hàn aráyé nínú ìwé ìròyìn Scientific American ní 1925 sókè. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí orúkọ kankan lára ọ̀pá, ẹ má torí ìyẹn sá. Orúkọ kọ́ ni bàbàrà. Dígí ni awò. Ọ̀pá, ẹsẹ̀, ìdè, bóòtù, gbogbo wọn ni gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè ṣe òmíràn. Dígí tí wọ́n lọ dáadáa ní 1965 ṣì jẹ́ dígí tí wọ́n lọ dáadáa lónìí. Gíláàsì kì í gbó bí irin ṣe ń gbó.

F/8 tí wọ́n kọ sí i yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ojú dígí dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń pàdé jẹ́ ìlọ́po 8 ìbú dígí, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1,220 fún ti yín. Dígí tó bá ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò ṣòro lọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kòtò tó tẹ̀ ní róbótó lásán àti kòtò tó tẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ gan-an kò tó 0.0003 mìlímítà ní etí rẹ̀. Ìdí rèé tí dígí àtijọ́ tí ọwọ́ lásán lọ fi máa ń dára ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ní tèmi o, bó bá jẹ́ òṣùpá, Júpítà àti Sátọ́nì ni ẹ fẹ́ máa wò, màá mú f/8 àtijọ́ ṣáájú ọ̀pọ̀ f/4 òde òní tí gbogbo ayé ń sáré rà torí pé ó kúrú, ó sì ṣeé gbé.

Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti tépù ìwọ̀n dání. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ọ̀pá bóyá dígí wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ta ẹrù olóògbé kì í sábà mọ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ dígí fọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn tí kò dá a padà. Ẹ tún béèrè irin wúwo róbótó tó ń mú ọ̀pá dọ́gba lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, nítorí lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àlòkù irin lásán ni, igun ilé ni wọ́n sì máa ń jù ú sí.

Ẹ wo ojú dígí láti ẹnu ọ̀pá nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú tààrà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, torí kò sí dígí tí tọ́ọ̀ṣì kì í bà lórúkọ jẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ dé pàápàá á rí jákujàku. Ohun tí tọ́ọ̀ṣì wà fún nìyí: bí wọ́n bá gbà kí ẹ tú dígí náà sílẹ̀, ẹ tan iná sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀. Bí ihò wínníwínní mélòó kan bá ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, kò burú. Bí ibi gbàgàdà kan bá wà tí iná náà ń hàn kedere, àlúmíníọ̀mù tín-ínrín tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ kó lè dán ti tán níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un bò. Ìyẹn náà kò ní kí ẹ má rà á. Etí tó ṣẹ́ díẹ̀ kò ní kí ẹ má rà á. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí ibẹ̀ mú wá nìkan lẹ pàdánù. Ojú ibi tí nǹkan ha kò ba àwòrán jẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Lílà ni kí ẹ sá fún.

Ẹ wọn ọ̀pá náà. Ti yín gùn ju mítà kan lọ, ó bá f/8 mu. Mo ń sọ èyí torí àwọn ẹlòmíràn tó máa ka ìwé yìí: bí ẹ bá rí awò tí wọ́n kọ mìlímítà 1,000 sí, tí ọ̀pá rẹ̀ kò sì ju ìdajì mítà lọ, lẹ́ǹsì kan wà tí wọ́n fi pamọ́ sínú ibi tí a ti ń tún ìríran ṣe, òun ló ń na ìwọ̀n náà. Irú wọn ṣòroó tò, àwòrán wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ní ti owó, ẹ kọ́kọ́ wádìí iye tí ilé-iṣẹ́ tó ń bo dígí ń gbà fún 6 ínṣì, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ lọ-bọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo owó tí ẹ fẹ́ ná. Ìyókù ni kí ẹ fi bá àwọn ọmọ olóògbé dúnàá-dúrà. Ká má parọ́, tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ó lè tó owó awò tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa tú nǹkan, kó máa tún un tò, ló yẹ kó ra àtijọ́.

Ó kan dígí wàyí. Dígí awò kò rí bíi dígí ara ògiri. Ti ara ògiri, ẹ̀yìn gíláàsì ni ohun tó ń dán wà, gíláàsì ló ń dáàbò bò ó, ẹ sì lè fi aṣọ nù ún bó ṣe wù yín. Ti awò, iwájú gan-an ni àlúmíníọ̀mù wà, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé kò ju nǹkan bíi 0.0001 mìlímítà lọ. Oògùn ìdán-irin, iyẹ̀pẹ̀ tó kúnná ló wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó mí kanlẹ̀, àlúmíníọ̀mù ti bá aṣọ lọ. Bí ẹ bá tún wá ń fi agbára nù ún lọ, ojú gíláàsì gan-an lẹ ń lọ̀ nígbà náà. Ẹni tó kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó mú ojú yẹn dọ́gba dé ibi tí àṣìṣe rẹ̀ kò fi tó ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún mìlímítà. Àlúmíníọ̀mù tó bá lọ, wọ́n lè fi òmíràn sí i. Ojú gíláàsì tó bá bàjẹ́, àfi kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àlúmíníọ̀mù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Dígí tí Newton fi ṣe awò tirẹ̀ ní 1668, irin ni látòkè délẹ̀, bàbà àti tánganran tí wọ́n yọ́ pọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1855 ni Steinheil ní Jámánì àti Foucault ní Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fi fàdákà bo gíláàsì. Fàdákà máa ń tàn yòò nígbà tó bá ṣì tuntun, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ pọ́n. Ní àwọn ọdún 1930 ni John Strong ní California wá fi hàn bí a ṣe lè sọ àlúmíníọ̀mù di oru nínú àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí oru náà bà lé ojú gíláàsì. Bí awò tí ẹ bá rí bá dàgbà ju ìgbà yẹn lọ, tí ojú dígí rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, fàdákà ni. Wọ́n lè fi àlúmíníọ̀mù bò ó nísinsìnyí láìsí wàhálà. Ti yín tó ní àbààwọ́n funfun, ìrì àti ọ̀rinrin ló jẹ àlúmíníọ̀mù rẹ̀. Bí àbààwọ́n náà bá ta ẹ̀ka bí okùn aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn.

Kí ẹ tó rán an lọ síbikíbi, ẹ fọ̀ ọ́, torí ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú ohun tí ẹ rí jẹ́ ìdọ̀tí lásán. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ dígí àti sí ara ìjókòó rẹ̀ kí ẹ lè mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ yín. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sí ìdí abọ́ ike ńlá kan, ẹ gbé dígí lé e, ojú rẹ̀ sókè. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn lé e lórí fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìfi ọwọ́ kàn án, kí ó kó yanrìn ojú rẹ̀ lọ. Omi gbígbóná kò dára. Gíláàsì àtijọ́ lè là. Lẹ́yìn èyí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ kán ọṣẹ olómi ìfọwo kan tàbí méjì sí. Ẹ wá mú òwú tó mọ́, ẹ rì í, ẹ gbé e lé ojú dígí, kí ẹ sì fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwúwo omi inú òwú yẹn tó. Ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìfà kan, ẹ sọ òwú yẹn nù, ẹ mú òmíràn. Ẹ máa rí àwọn tó ń sọ pé àwọn ń tún òwú kan náà lò. Yanrìn kan ṣoṣo tó bá sá pamọ́ sínú rẹ̀ ti tó láti fa ìlà láti etí kan dé èkejì.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣan ọṣẹ rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi distilled ṣan án kẹ́yìn, nítorí omi ẹ̀rọ máa ń fi àmì sílẹ̀ bó bá gbẹ. Ẹ gbé dígí náà dúró lórí etí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ro. Ìkán omi tó bá kù, ẹ fi etí bébà ìnuwọ́ kàn án, á fà á mu. Ó parí. Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ lè má tún ṣe é fún ọdún mélòó kan sí i. Eruku díẹ̀ lójú dígí kì í ṣe ohun tó ń ba àwòrán jẹ́. Ìfọ̀fọ̀jù ló ń ba dígí jẹ́.

Bí àbààwọ́n funfun náà bá ṣì wà lẹ́yìn ìfọ̀, inú àlúmíníọ̀mù gan-an ló wà. Ẹ rán an lọ fún ìtún-bò, kí ẹ sì rán dígí kékeré tó dá ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ náà mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi dígí kékeré sílẹ̀ láti dín owó kù, mi ò sì rí ọgbọ́n ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń kan dígí méjèèjì kó tó dé ojú yín. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń dá 88 padà nínú 100, ìmọ́lẹ̀ 77 ló máa kàn yín lára. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti rẹ̀yìn dé 70, ohun tó máa kàn yín kò tó ìdajì. Àlúmíníọ̀mù lásán tí wọ́n fi ìbora ààbò tín-ínrín lé lórí ti tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìbora olówó ńlá kó yín láyà jẹ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí dígí tó kúrò nílé. Ẹ yí i dà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ń lọ dígí máa ń fi pẹ́ńsù tàbí abẹ́rẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, ọdún, ìwọ̀n tí wọ́n bá a dé. Ẹ ya á ní fọ́tò. Oògùn tí ilé-iṣẹ́ máa fi bó àlúmíníọ̀mù àtijọ́ kúrò lè pa ìkọ̀wé yẹn rẹ́, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni ìwé ìbí tí awò yín ní.

Nígbà tí dígí bá dé, bí ẹ ṣe máa de é padà ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe máa kun ọ̀pá lọ. Àwọn irin kéékèèké mẹ́ta ló máa ń di etí rẹ̀ mú. Ìdí wọn ni kí dígí má baà ṣubú, kì í ṣe pé kí wọ́n fún un. Ẹ fi bébà kan sáàárín irin àti dígí, ẹ dè é, kí ẹ wá fa bébà náà yọ. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́, ó ti tó. Dígí tí wọ́n bá fún lọ́rùn máa ń tẹ̀, ìràwọ̀ á sì máa ní igun mẹ́ta. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi àtè lẹ dígí kékeré mọ́ irin rẹ̀ pẹ̀lú. Àtè ọgọ́ta ọdún kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, orí dígí ńlá ni dígí kékeré yóò sì já lé. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lókè ọ̀pá, ẹ dá ọ̀pá dùbúlẹ̀, kí sípánà tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín má baà rí ọ̀nà lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀, omi ọṣẹ ló nílò. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti àmì rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má kùn ún. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ. Inú ọ̀pá nìkan ni ẹ lè fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kùn, bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti ṣí.

Apá ẹsẹ̀ tó há yẹn kì í sábà jẹ́ ìpẹtà. Gíríìsì ni. Gíríìsì tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ má fi òòlù kàn án. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdè kékeré tó wọ inú ihò, tí kò ní orí. Ọ̀dà máa ń bò ó mọ́lẹ̀, bí ẹ kò bá sì tú u, ẹ máa fa irin náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ro epo tó ń wọ inú irin sí ẹnu ibi tí irin méjì ti pàdé, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrì fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i títí á fi gbóná mọ́ ọwọ́ yín. Ẹ rọra yí i síwá, ẹ yí i sẹ́yìn. Bó bá yọ dé àyè kan tó tún dúró, ẹ má fà á tipátipá: ẹnu ìdè kékeré yẹn ti gún ara irin níbì kan, etí ihò náà ló sì yọ sókè tó ń kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ fi fáìlì wínníwínní ha ibi tó yọ yẹn, á jáde. Kẹrosíìnì á fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò, níta gbangba, jìnnà sí iná. Gíríìsì tuntun díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe kí ẹ kó o kún. Epo tó ń wọ inú irin yẹn kò lè dípò gíríìsì. Ó máa gbẹ, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn ẹnu àwọn lẹ́ǹsì ojú mẹ́ta yẹn. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 24.5, ìwọ̀n àtijọ́ ti Jàpáànù ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú àpótí awò mìíràn ni wọ́n ti wá pẹ̀lú gíláàsì "SUN" yẹn. Bí wọ́n bá kọ H tàbí SR, àmì irú lẹ́ǹsì ojú àtijọ́, sí wọn lára, ẹ tọ́jú wọn gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 31.75 ni wọ́n ń ṣe títí di òní. Irú lẹ́ǹsì ojú tí wọ́n ń pè ní Plössl, méjì péré, mìlímítà 25 àti mìlímítà 10, á fún yín ní ìlọ́po 49 àti ìlọ́po 122. Ẹ má tí ì ra èyí tó ju ìyẹn lọ títí ẹ ó fi mọ bí ojú ọ̀run yín ṣe ń rí lálẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni títò. Ẹ lu ihò kékeré kan sáàárín ìdérí kan tó bá ẹnu ibi lẹ́ǹsì ojú mu, ẹ máa wo ibẹ̀. Ẹ fi ìdè dígí kékeré tò ó títí ẹ ó fi rí odindi dígí ńlá nínú rẹ̀, pẹ̀lú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó di etí rẹ̀ mú. Ẹ wá fi ìdè ìdí ọ̀pá yí dígí ńlá títí òjìji dígí kékeré á fi bọ́ sí àárín gangan. Lálẹ́, ẹ dojú rẹ̀ kọ ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ lo mìlímítà 10, ẹ yí ìríran kúrò díẹ̀ síta, lẹ́yìn náà sínú. Òrùka-òrùka ni ìràwọ̀ á máa yà. Bí òrùka tí ẹ rí nígbà tí ẹ yí i síta àti èyí tí ẹ rí nígbà tí ẹ yí i sínú bá jọra, dígí yín dára, ẹ lè sùn. Bí ó bá rí bí ẹyin, tó gùn sí apá kan, tó sì yí sí apá kejì nígbà tí ẹ kọjá ojú ibi tó mọ́, ẹ padà lọ wo àwọn irin mẹ́ta yẹn kí ẹ tó bú ẹni tó lọ dígí. Ẹ jẹ́ kí awò ti wà níta fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Gíláàsì tó nípọn kì í tètè tutù.

Ó ku mọ́tọ̀. Kí ẹ tó fi iná sí i, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà náà, fóòtì (volt) 115 àti 60 Hz ni (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Wáyà rẹ̀ á ti gbẹ, rọ́bà rẹ̀ á ti là, kò sì ní wáyà ilẹ̀. Irin ni gbogbo ẹsẹ̀ awò, ìrì á sì máa sẹ̀ sí i lóru. Ẹ jẹ́ kí oníná pààrọ̀ wáyà náà sí oníwáyà mẹ́ta kó tó kan iná rárá. Bó bá jẹ́ fóòtì 230 àti 50 Hz ni iná tó wà níbi tí ẹ wà, àwọn kan á sọ pé kí ẹ ra transformer, ó tán. Kò tán. Transformer ń dín fóòtì kù, kò lè yí Hz padà, irú mọ́tọ̀ yìí sì ń fi Hz ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré tó yẹ kó sá ló máa sá. Pẹ̀lú ìlọ́po 122, Júpítà tí ẹ gbé sí àárín á ti dé etí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Inverter kékeré tó ń mú fóòtì 115 àti 60 Hz jáde láti inú bátìrì ló máa yanjú rẹ̀, bátìrì sì dára ju kí ẹ máa fa wáyà iná ilé gba inú ìrì. Bí ẹ kò bá tíì rí i rà, ẹ fi mọ́tọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, kí ẹ máa fi ọwọ́ rọra tì í. Láìsí mọ́tọ̀ rárá, ìṣẹ́jú kan tí kò pé ni Júpítà fi ń ti àárín dé etí, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n kí alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tán.